Ẹni Tó Yà Sọ́tùn-ún ní Boudha

"Òsì, Ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, òsì."

Tenpa ò pariwo. Etí ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ sí, bíi pé ó fẹ́ bá a gbọn eruku kúrò léjìká, lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn tó fẹ́ fi ṣe àna, ó rẹ́rìn-ín sí wọn. Abẹ́ ẹnubodè ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń dúró dè wọ́n. Sangmo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò tíì gbé e kalẹ̀. Níwájú rẹ̀, Sítúpà Ńlá, òkìtì mímọ́ tí wọ́n ń yí po gbàdúrà, funfun báláú, ó gba gbogbo ojú ọ̀run. Nídìí rẹ̀, èrò ń ṣàn bí odò tó kún, gbogbo wọn ń yà sósì, gbogbo wọn kọ apá ọ̀tún sí i. Ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú ni. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lóun fẹ́ yà sọ́tùn-ún ní Boudha, kó yáa lọ múra èjìká.

"Mo ti gbọ́," ni Sangmo wí.

Ẹni tó bá mọ obìnrin yìí á mọ̀ pé "mo ti gbọ́" kì í ṣe "mo ti gbà." Tenpa náà mọ̀ ọ́n, ọmọ rẹ̀ ni, àmọ́ ìyàwó ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ọmọ Bọ́n ni Sangmo, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ará Lubra, abúlé rẹ̀ lókè ní ẹkùn Mustang. Àwọn ẹlẹ́sìn Bọ́n àtàwọn ẹlẹ́sìn Búdà jọ ń gbé orí òkè kan náà ni, wọ́n jọ ń mu tíì oníbọ́tà kan náà, àwọn méjèèjì ló sì ń kọ́ sítúpà. Àmọ́ tí ẹlẹ́sìn Búdà bá ń yí sítúpà po, apá ọ̀tún ló máa ń kọ sí i. Apá òsì ni ti Bọ́n. Ìyẹn nìkan ti tó kí àwọn ẹlẹ́nu máa pe ọmọ Bọ́n ní olóògùn, ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn. Tenpa ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rọ́ọ̀gì Wangdu, ibẹ̀ lòun àti Deki, ọmọ Wangdu, ti fẹ́ràn ara wọn. Nígbà tí Wangdu bi í léèrè ẹ̀sìn ilé wọn, Tenpa ní Búdà ni. Lónìí, tí wọ́n bá ti yí Sítúpà po tán, Wangdu á fi kata, aṣọ sílíkì funfun tí a fi ń bọlá fúnni, kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n á mu tíì, ó ti rí ìyàwó fẹ́ nìyẹn.

"Ọjọ́ kan péré, Ìyá mi," ló ti wí nílé kí wọ́n tó jáde. "Tẹ́ ẹ bá padà sí Lubra, ẹ máa rìn bó ṣe wù yín. Ẹ tiẹ̀ lè fi orí rìn."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Bàbá mi ti kú, Ìyá mi."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé e wá."

Ohun tó wà láyà ṣúbà, ẹ̀wù gígùn tó wọ̀, ló ń sọ: sítúpà kékeré kan tí kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ, amọ̀ Lubra tí wọ́n pò mọ́ eérú ọkọ rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe fún òkú wa nìyẹn. Bàbá Tenpa ló kọ́ sítúpà abúlé wọn, kò sì fojú kan èyí tó wà ní Boudha rí. Kàlẹ́ńdà kan ló ní, tó gbé kọ́ sí ilé ìdáná, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Nínú àwòrán rẹ̀, òrùlé àwọn ilé bo ìdí Sítúpà Ńlá mọ́lẹ̀. Ìdí tí wọn ò rí yìí ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin abúlé ní igbá tí a da ojú rẹ̀ délẹ̀ ni, pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Tenpa ní irọ́ ni. "Ohun tó bá rí kiribiti kì í dá jókòó," ni yóò wí. "Igun gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀." Nígbà tó sì kọ́ tiwọn, ó fi igun sí i, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Onígun. Lórí ẹní ìdùbúlẹ̀ àìsàn, ó ṣì ń jiyàn. Sangmo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Màá gbé yín débẹ̀. Ẹ ó fojú ara yín rí i."

Ó ti gbé e dé nìyí.

"Ẹ káàbọ̀ o, ìyá ọkọ!" ni Wangdu ké. Ọkùnrin sàǹgìlìtì ni, fìlà ńlá lórí, ẹ̀rín kì í jìnnà sí i. "A gbọ́ pé lọ́dọ̀ yín lókè ọ̀hún, itọ́ máa ń di yìnyín kó tó balẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tá a kì í fi í tutọ́ síni lára."

Wangdu bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá itan. Ìyàwó rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Deki wo Tenpa bíi pé, ìyá ẹ mà dùn o. Ara Tenpa balẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Gbogbo wọn yà sósì. Sangmo náà yà sósì.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ó yà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ìyá wo ni kì í fún ọmọ lẹ́sẹ̀ yá? Ó tẹ̀ lé wọn, ó ń wo ẹ̀yìn fìlà Wangdu. Ìgbà tí fìlà yẹn sú u ló tó gbójú sókè, ó wo Sítúpà dáadáa.

Kì í ṣe igbá. Ògiri kúkúrú ló yí i ká, ihò wà lára rẹ̀, àwọn àgbá àdúrà tí èrò ń fi ọwọ́ yí wà nínú ihò. Lẹ́yìn ògiri, pèpéle gun orí pèpéle, òmíràn tún gun orí ìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń ṣẹ́ wọlé, ó ń yọ síta, ó tún ń ṣẹ́ wọlé, bí aṣọ tí télọ̀ ṣẹ́ létí. Orí igun wọ̀nyẹn ni funfun kiribiti náà wá jókòó lé. Ó jókòó pẹ̀lẹ́ bí ìyá àgbà tó rí àpótí tó gbà á. Ẹfun tí wọ́n fi kùn ún kò gbẹ tán. Omi àwọ̀ òféèfèé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi garawa jù sí i látòkè ti ṣàn wálẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ kọrọdọ bí ewé òdòdó. Lókè téńté ni ilé onígun mẹ́rin, tí wọ́n ya ojú méjì-méjì sí ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ojú tí kì í ṣẹ́. Látibẹ̀, wúrà ń gun wúrà títí dé abẹ́ agboorùn tó wà ní ṣóńṣó, àsíá àdúrà so okùn láti ibẹ̀ wálẹ̀ gbogbo ìhà. Kò sì sí ilẹ̀kùn lára funfun náà rárá. Wọn ò kọ́ ọ fún wíwọ̀, yíyípo ni wọ́n kọ́ ọ fún.

"Igun!" ni Sangmo wí.

Deki bojú wẹ̀yìn. "Kí lẹ wí, Ìyá?"

"Igun ni! Ó sọ bẹ́ẹ̀! Wọ́n pè é ní Onígun, àṣé..." Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, omijé sì ti dé ojú. Ó ki ọwọ́ bọ àyà láti fi han ẹni tó ni àríyànjiyàn. Ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti kú.

Apá òsì ló gbé e sí, ọ̀dọ̀ ọkàn, kó lè kọjú sí Sítúpà bí wọ́n bá ń rìn bí wọ́n ṣe ń rìn nílé. Wọn ò sì rìn bẹ́ẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ló wà lápá òsì rẹ̀: sálúbàtà onírọ́bà, ike fóònù, ère Búdà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jiyàn lórí Sítúpà yìí, wọ́n gbé e dé ìdí rẹ̀ tán, sálúbàtà ló ń wò.

Ó lè gbé e sí apá ọ̀tún, ó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti mú un. Àmọ́ Bàbá Tenpa kò rìn bẹ́ẹ̀ rí láyé, kódà lọ́dún tí àwọn ará abúlé kejì sọ ọ́ lókùúta nítorí ẹ̀. Ṣé òun ni yóò wá fi ipá yí i padà lẹ́yìn tó ti kú, tí kò lẹ́nu mọ́?

Sangmo dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn forí gbá a lẹ́yìn. Ó yíjú padà.

Yéè! Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn kọjú sí gbogbo Boudha lọ́jọ́ òṣùpá àrànmọ́jú? Ìyá kan gbá a lápá mú, ó fẹ́ yí i bí ẹni ń yí ìkòkò. "Màmá, ẹ ti ṣìnà! Ibí ni, ibí!" Ọmọkùnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ké pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, wọ́n gbàgbé owó sílé ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pòṣé, ó ní, "Àwọn Bọ́n," ohùn tí a fi ń lé ajá ló fi wí i. Sangmo na ọrùn, ó gbé èjìká síwájú, ó ń lọ. Ó ń rọra kọjá lára àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, tí wọ́n ń fi ara wọn wọnlẹ̀ yí Sítúpà po. Ẹnìkan nínú wọn gbójú sókè láti ilẹ̀, ó rí i, ó tún dojú bolẹ̀.

Tenpa lé e bá. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìyá mi! Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ti gbọ́!"

"Mo gbọ́."

"Wọ́n ń wò wá!"

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Ṣé bàbá ẹ ló ń tì ẹ́ lójú ni, àbí èmi?"

Tenpa bojú wẹ̀yìn wo fìlà Wangdu tó ń lọ nínú èrò. Ìyá rẹ̀ rí i nígbà tó ń ronú, ó sì rí i nígbà tó parí ìrònú: ó sáré padà tọ fìlà lọ. Ó dùn ún. Ó dùn ún dé egungun, àmọ́ kò dúró.

Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni ojú àwọn èèyàn. Ní Boudha, ẹ̀yìn la fi ń mọ ara wa; ẹni tó bá ń bá èrò lọ, ìpàkọ́ àti báàgì ló máa rí títí tó fi máa yípo tán. Sangmo rí ojú. Ó rí bàbá arúgbó kan tí eyín kan ṣẹ́kù sí lẹ́nu, ó ń bá eyín náà kọrin. Ó rí ọlọ́pàá tó ń yán. Ó rí obìnrin ẹlẹ́sìn kan tó fárí, aṣọ pupa lọ́rùn, tó ń fi fóònù jà pẹ̀lú ẹnì kan, "Mo ní má fi àgbò yẹn sínú ilé, o fi sínú ilé!" Gbogbo wọn ń bọ̀ wá bá a, bíi pé òun ni wọ́n wá kí.

Ẹni tó bá ń yí nǹkan kan náà po lódìkejì ara wọn kò lè ṣàìpàdé. Lápá kejì Sítúpà, fìlà Wangdu yọ. Ìyá Deki ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, àánú kún ojú rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tenpa ti ṣàlàyé fún wa. Ó ní látìgbà tí Bàbá ti kú ni ọpọlọ ti máa ń ṣe yín ségesège, pé ẹ kì í mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ́. Kò sóhun ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kó ọwọ́ yín wá."

Sangmo wo ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni Tenpa ń wò.

Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un yẹn o, ẹ má ṣe kà á sí kékeré. Kó kàn la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀, kó ṣe bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ó parí. Á rìn bó ṣe fẹ́, ọmọ rẹ̀ á gbéyàwó, wọ́n á máa ṣàánú rẹ̀ títí tó fi máa kú. Ó wù ú. Àmọ́ àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tòun nìkan sì kọ́, ti ẹni tó wà láyà rẹ̀ náà ni, èyí tí kò lẹ́nu tí yóò fi sọ ọ́ lọ́la.

"Orí mi pé, Ìyá Deki," ló wí. "Ẹ ṣeun. Mo mọ ọ̀tún, mo mọ òsì. Báyìí la ṣe ń rìn. Ọmọ Bọ́n ni mí, ọmọ Bọ́n ni bàbá rẹ̀, ọmọ Bọ́n ni òun náà tó ń wolẹ̀ yìí."

Ẹ̀rín kú lójú Wangdu. Mi ò tíì rí ojú rẹ̀ láìsí ẹ̀rín rí. Ó dà bí ilé tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.

"Tenpa?" ló wí.

"Ẹ kúrò lọ́nà o!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn wọn. "Ẹ lọ ṣèpàdé yín nílé!"

"Ẹ má dúró torí mi," ni Sangmo wí. "Kò dáa kéèyàn dá ìyípo sí méjì. Ẹ máa lọ lọ́nà tiyín, èmi náà á máa lọ lọ́nà tèmi. A ó tún pàdé." Ó sì kọjá láàárín wọn.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Mo ti ba tọmọ mi jẹ́, ló ń wí nínú ara rẹ̀, mo ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìgbéyàwó rẹ̀ fọ́. Ó ní kòun bojú wẹ̀yìn, ó ní rárá. Apá òsì rẹ̀ ni Sítúpà wà báyìí, igun ń wọlé, igun ń yọ, òòrùn wọ inú àwọn ìṣẹ́po náà, ìmọ́lẹ̀ lápá kan, òjìji lápá kejì. Ó wò wọ́n fún ẹni méjì. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń lọ.

Kò tíì dé ẹnubodè tó fi rí Deki. Ọmọbìnrin náà ti fi àwọn òbí rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń fi èjìká la èrò bọ̀, kò lè mí dáadáa.

"Ìyá, Bàbá mi ń bínú."

"Ó yẹ kí wọ́n bínú."

"Kì í ṣe sí yín. Wọ́n ní Bọ́n kọ́, Búdà kọ́. Wọ́n ní ọkùnrin tó lè torí ìyàwó pe ìyá ẹ̀ ní wèrè, ọjọ́ tó bá tún rí nǹkan míì tó wù ú, kí ló máa pe ìyàwó?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sangmo lára, torí bó bá jẹ́ òun ló lọ́mọbìnrin, ohun tóun náà máa sọ nìyẹn.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?"

"Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ni. Ṣé bó ṣe rí láti kékeré nìyí?"

Sangmo rò ó. Kò fẹ́ purọ́ fún ọmọ yìí, irọ́ ti tó fún ọjọ́ kan. "Ojo ni," ló wí. "Kì í ṣe èké. Láti kékeré ló ti jẹ́ ojo."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn, Ìyá?"

"Ojo ní oògùn."

Deki wò ó títí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. "Ibi tẹ́ ẹ fi í sí ni mo ti rí i kẹ́yìn," ló wí. "Ó dúró bí òpó, gbogbo ayé ń kọlù ú." Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un láàárín èrò, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Sangmo kọjá ẹnubodè, kò jáde. Ó tún mú ìyípo mìíràn. Àwọn ojú tún ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó kíyè sí nǹkan kan. Àwọn èèyàn á wò ó, ẹnu á yà wọ́n, bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àmọ́ wọ́n á tún wò lẹ́ẹ̀kejì, lókè èjìká rẹ̀, bíi pé ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó jọ ọ́. Bàbá eléyín kan dé, ó wò ó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, eyín náà yọ. Obìnrin ẹlẹ́sìn dé, kò fi fóònù jà mọ́. Òun náà wò lẹ́ẹ̀mejì.

Wangdu àti ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ̀ wọ̀nyí. Etí kata funfun yọ lápò ẹ̀wù Wangdu, ó ti rún. Wangdu rí Sangmo. Ó di ìyàwó rẹ̀ lápá mú, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fún un lọ́nà. Sangmo tẹrí ba, ó kọjá. Ó ń retí kó gbọ́ bàtà wọn kí wọ́n máa lọ, kò gbọ́ ọ. Wọ́n ṣì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Ìwọ náà?" ni ohùn Wangdu wí lẹ́yìn rẹ̀.

Àgbá àdúrà kan ń han gooro lára ògiri.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Báyìí la ṣe ń rìn."

Ohùn Tenpa ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe etí ẹnì kan ló sọ ọ́ sí. Ó lọ sókè débi pé ọmọ tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ gbórí sókè.

"O pe ìyá ẹ ní wèrè."

"Mo purọ́ mọ́ wọn, ọ̀gá. Orí wọn pé. Èmi lorí mi ò pé."

Wangdu mí kanlẹ̀. Sangmo ò lè sọ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ìbínú.

"Ó ku ìyípo mélòó fún yín?"

"Mi ò mọ̀. Ìyá mi ló mọ̀."

"Ẹ parí ẹ̀. Tíì á ti tutù. Tó bá tutù, a ó tún un gbé kaná."

Sangmo ò bojú wẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ bàtà ọmọ rẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ kan ń fà díẹ̀ bí ti bàbá rẹ̀, ó súnmọ́ ọn. Sangmo ki ọwọ́ bọ àyà, ó di amọ̀ kékeré náà mú. Lápá òsì wọn, ìṣẹ́po kan yọ síta, òòrùn kún un.

"Ẹ̀yin lẹ jàre, Bàbá Tenpa," ló wí. "Igun ni."